Kálàmù Watson àti Ojú Kámẹ́rà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1881, ọkọ̀ ojú omi kan tí à ń pè ní Mayumba gbéra ní Liverpool, ó dorí kọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oníṣègùn inú ọkọ̀ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan, ọmọ bíbí Edinburgh, tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó gba oyè ìṣègùn. Arthur Conan Doyle ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ náà yà ní Freetown, ó yà ní Monrovia, ó ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó. Èkó ni ibà ti dá oníṣègùn fúnra rẹ̀ wó. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sọ bí òun ṣe dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láàárín ikú àti ìyè, tí ẹlòmíràn tí irú ibà yẹn kọ lù ní àkókò kan náà sì gba ibẹ̀ lọ.

Doyle padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún 1882. Ní ọdún 1886, nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ní Southsea, tí àwọn aláìsàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó kọ ìwé ìtàn kan tí ó sọ ní A Study in Scarlet. Oníṣègùn ni ó ń sọ ìtàn náà. John Watson ni orúkọ rẹ̀. Ó bá àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Afghanistan, ọta ìbọn bà á ní èjìká ní ogun Maiwand ti ọdún 1880, bí ara rẹ̀ sì ṣe ń yá bọ̀ ni ibà tún gbé e dè, tí wọ́n fi dá a padà sílé ní egungun lásán. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibà Èkó ni ó di ibà Watson. Síbẹ̀, bí a bá fi Doyle wé àwọn ẹ̀dá-ìtàn méjì tí ó sọ ọ́ di olókìkí, Watson ni ó jọ. Olùkọ́ kan tí ó kọ́ Doyle ní ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh, Joseph Bell, ni ó yá Holmes ní ọgbọ́n rẹ̀. Bell a máa wo aláìsàn tí kò mọ̀ rí, yóò sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ibi tí ó ti ń bọ̀ kí onítọ̀hún tó la ẹnu. Doyle ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ń wò ó, tí ó sì padà lọ kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Ipò awòran yìí ni gbogbo ìtàn Sherlock Holmes dúró lé lórí. Ìwé ìtàn gígùn 4 àti ìtàn kéékèèké 56 ni ó jáde láàárín ọdún 1887 àti 1927. Nínú ọgọ́ta náà, mẹ́rin péré ni kì í ṣe Watson ni ó sọ ọ́. Ojú Watson ni òǹkàwé ń gbà wo Holmes. Ohun tí Watson kò bá rí, òǹkàwé kò rí i. Ohun tí Watson bá rí tí kò yé e, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe dúró lójú òǹkàwé títí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Watson kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ọmọlúwàbí ni, ó kàwé, ó ti rójú ogun, ojú rẹ̀ sì ń ríran bí ti ẹni gbogbo. Àyè tí ó wà láàárín ojú ẹni gbogbo àti ojú Holmes ni adùn ìtàn náà ti ń wá.

Gbogbo ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ́ ni ó nílò irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tọ Lápàdé, ọlọ́pàá àná, lẹ́yìn láìsí ọ̀rẹ́ kankan tí ń kọ ìwé nípa rẹ̀, ìtàn náà sì dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n Holmes kò rí bí Lápàdé, Doyle fúnra rẹ̀ sì dán an wò. Nínú The Blanched Soldier tí ó jáde ní ọdún 1926, ó gba kálàmù lọ́wọ́ Watson, ó gbé e lé Holmes lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí Holmes bẹ̀rẹ̀ sí kọ tí ó fi jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú, àti pé bí Watson ṣe máa ń fi àwọn nǹkan kan pamọ́ láàárín ìtàn ni ìparí rẹ̀ fi máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó ti ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ó ń bu iyọ̀ sí ìtàn jù, òun náà wá rí i pé ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ kò ṣe é jẹ.

Kámẹ́rà ni ó wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Watson pátápátá. Nínú fíìmù, ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ fún òǹwòran bí Holmes ṣe ga tó tàbí bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ó ń ronú. Òǹwòran ń fi ojú ara rẹ̀ rí i. Fíìmù àkọ́kọ́ tí orúkọ Holmes wà lára rẹ̀, Sherlock Holmes Baffled, tí wọ́n yà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1900, kò tó ìṣẹ́jú kan. Olè kan ń kó ẹrù, Holmes fẹ́ mú un, olè náà pòórá, ó tún hàn, ó tún pòórá, ó parí. Idán kámẹ́rà ni wọ́n fẹ́ fi han aráyé. Watson kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tí ó bá gbé Holmes sí ojú fíìmù ń dáhùn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀: nígbà tí a ti gba kálàmù lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, iṣẹ́ wo ni kí a fún un? Ìdáhùn kò ṣe é kà tán. Ní ọdún 2012, Guinness World Records kéde pé Holmes ni ẹ̀dá ènìyàn inú ìwé tí wọ́n ti ṣe eré rẹ̀ jù lọ nínú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, ìgbà 254.

Ìdáhùn tí ó pẹ́ jù lọ́kàn àwọn ènìyàn ni èyí tí Hollywood mú wá láàárín ọdún 1939 àti 1946. Basil Rathbone ni Holmes, Nigel Bruce ni Watson, fíìmù 14 ni wọ́n sì jọ ṣe. Méjì àkọ́kọ́ wà ní ayé Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Universal, wọ́n gbé Holmes wá sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń gun ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó ń bá àwọn amí Nazi fà á. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí pé àwọn kan pariwo ní ọdún 2010 bí ẹni pé kò sẹ́ni tí ó ti gbé Holmes wọ ayé òde òní rí, láìmọ̀ pé àwọn bàbá bàbá wọn ti sanwó wo irú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún Watson nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí ni ti aláwàdà. Bruce ń kùn, ó ń ṣì í gbọ́, ó ń ṣì í rò, àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Òṣèré tí ó mọṣẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí yóò wò ó tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ hàn gbangba. Láti mú kí ọgbọ́n Holmes ga, wọ́n rẹ ọgbọ́n Watson sílẹ̀, wọ́n sì gbàgbé pé ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní fi òpè ṣe alábàágbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ìdí.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún ó lé kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe dáadáa, àwọn ará Soviet ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Igor Maslennikov darí eré náà fún tẹlifíṣọ̀n ní Leningrad láàárín ọdún 1979 àti 1986. Òpópónà kan ní Riga ni wọ́n fi ṣe Baker Street. Vasily Livanov ni Holmes, Vitaly Solomin ni Watson. Nínú abala àkọ́kọ́, Watson kó wọ ilé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin kan tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń rí àwọn ènìyàn abàmì tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ó fi ohun kan kún ohun kejì, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé olórí àwọn ọ̀daràn ni alábàágbé òun, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ. Ìrònú rẹ̀ kò dára, ibi tí ó jásí ni kò dára. Òǹwòran ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Watson ni ó ń bá a wo Holmes. Ọgbọ́n kékeré yìí dá ojú Watson padà fún un láìsí pé ó mú kálàmù lọ́wọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Granada ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní ọdún 1984, tí Jeremy Brett ń ṣe Holmes títí di ọdún 1994, àwọn náà fi David Burke, lẹ́yìn náà Edward Hardwicke, sí ipò Watson gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé. Àwọn tí ó mọ ìwé Doyle dunjú ṣì ń pe Brett ní ọ̀gá, wọn kò sì jayò pa.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí àwọn tuntun dé. Fíìmù méjì tí Guy Ritchie darí ní ọdún 2009 àti 2011 kò ní dá wa dúró pẹ́. Robert Downey Jr. ń ja ẹ̀ṣẹ́, ohun gbogbo ń bú gbàmù. Jude Law ni Watson, ó sì ṣe é bí ológun tí ó mọ ìbọn yìn, tí ó ń ta tẹ́tẹ́, tí ó fẹ́ gbé ìyàwó kí ó sì kúrò nínú wàhálà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo níbẹ̀ ni ó kan ọ̀rọ̀ wa. Kí Holmes tó ju ẹ̀ṣẹ́, kámẹ́rà a wọ inú orí rẹ̀ lọ, a ó rí ìjà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ó ṣe ń ṣètò rẹ̀, kí ó tó wá ṣe é lójú ayé. Watson kò dé inú orí Holmes rí nínú gbogbo ìtàn tí ó sọ. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2010, BBC gbé abala àkọ́kọ́ Sherlock jáde. Steven Moffat àti Mark Gatiss ni wọ́n dá a sílẹ̀. Benedict Cumberbatch ni Holmes, Martin Freeman ni Watson. Ìtàn ayé ti ṣètò ohun kan sílẹ̀ dè wọ́n. Watson ti Doyle fara gbọgbẹ́ ní Afghanistan ní ọdún 1880. Àádóje ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tún wà ní Afghanistan, àwọn oníṣègùn ológun sì tún ń fi ọgbẹ́ wálé. Kò sí ohun tí àwọn òǹkọ̀wé náà ní láti yí padà. Nínú ìwé, Holmes wo Watson lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ ibi tí ó ti ń bọ̀ fún un. Ní ọdún 2010, ó ní láti béèrè bóyá Afghanistan ni tàbí Iraq, nítorí ogun ti di méjì. Ẹ̀rín wà nínú ìbéèrè náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Moffat àti Gatiss mọ ìwé Doyle bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Doyle gbàgbé ibi tí ọta ìbọn ti bà Watson: èjìká ni nínú ìwé kìíní, ó di ẹsẹ̀ nínú ìwé kejì. Watson ti Freeman ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká ni ọgbẹ́ rẹ̀ wà. Ọkàn rẹ̀ ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ dùn ún, ní ọjọ́ tí Holmes sì mú un sáré ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, ó gbàgbé ọ̀pá náà sílẹ̀. Nínú The Sign of the Four (1890), Holmes gba aago àpò Watson wò, ó rí ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti họ ọ́ kiri, ó sì mọ̀ pé ọ̀mùtí ni ẹ̀gbọ́n Watson tí ó ni aago náà tẹ́lẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ọdún 2010 aago di fóònù, ojú ihò tí a ń ti okùn iná bọ̀ ni ó ti họ, ìdájọ́ náà sì bá ti ìjọ́sí mu, àfi pé Holmes sọ pé ọkùnrin ni Harry tí ó fún Watson ní fóònù. Obìnrin ni. Holmes bínú sí ara rẹ̀ nítorí ohun kan ṣoṣo tí ó ṣì.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nínú yàrá òkú tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé ọdún 1887, wọ́n bá lẹ́tà márùn-ún, RACHE, tí a fi ẹ̀jẹ̀ kọ sára ògiri. Ọlọ́pàá ní orúkọ obìnrin kan, Rachel, ni ẹni náà fẹ́ kọ tí kò kọ tán. Holmes ní rárá, èdè Jámánì ni, ẹ̀san ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2010, ẹlòmíràn ni ó mú ìtumọ̀ èdè Jámánì wá, Holmes ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ó ní Rachel ni. Ẹni tí kò ka ìwé gbádùn rẹ̀; ẹni tí ó ka ìwé gbádùn rẹ̀ lọ́nà méjì. Bí ó sì ti rí nínú ìwé ni apànìyàn náà ṣe jẹ́ awakọ̀ èrò, tí ó ń fi hóró oògùn méjì siwájú ẹni tí ó fẹ́ pa kí ó mú ọ̀kan, tí àìsàn inú iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ti ń bá a jà.

Ìparí ni ó yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn wọn sí ọ̀ràn Watson ti hàn. Ní ọdún 1887, Holmes fi ọgbọ́n tan awakọ̀ náà wọlé, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ níṣojú Watson. Ní ọdún 2010, Holmes fẹ́ gbé oògùn náà mì láti fi hàn pé òun mọ èyí tí kì í pani. Watson wà ní ilé kejì, ó wo ojú fèrèsé, ó yin awakọ̀ náà níbọn. Holmes rí i pé ọmọ-ogun kan ni ó yìn ín, ó ń ka àmì rẹ̀ fún ọlọ́pàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó kófìrí Watson lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ó dúró jẹ́ẹ́, ni ó bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Iṣẹ́ tuntun ni wọ́n fún Watson: òun ni kò ní jẹ́ kí ọgbọ́n Holmes pa Holmes. Iṣẹ́ tí ó bójú mu ni, Freeman sì ṣe é débi pé òun ni ènìyàn máa ń rántí nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀ tán.

Wọ́n fún un ní kálàmù pẹ̀lú, ní àpèjúwe. Watson yìí ń kọ búlọ́ọ̀gì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòro ti ń gbọ́ nípa Holmes. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò bá a lọ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ń hàn lójú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, èyí tí Holmes rí àti èyí tí ó rò, gbogbo rẹ̀ ń sá kọjá lójú òǹwòran. Láti ọdún 2012, wọ́n fi ààfin ìrántí kún un, níbi tí Holmes ti ń rìn nínú ọkàn ara rẹ̀. Ó lẹ́wà, ó sì ní owó tí a ń san fún un. Bí eré náà ṣe ń wọ inú orí Holmes lọ sí i ni ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń dín kù. Nínú abala tí ó kẹ́yìn, ní oṣù kìíní ọdún 2017, arábìnrin kan tí Holmes kò rántí pé òun ní ni ó di olórí ọ̀tá, inú kànga ni wọ́n sì ju Watson sí tí omi ń kún bò ó, kí Holmes lè wá ibi tí ìrora ìgbà èwe rẹ̀ wà. Abala 13 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ó dára jù lára wọn ni èyí tí a ti ń rí Watson tí ń wò.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, CBS bẹ̀rẹ̀ Elementary, tí Robert Doherty dá sílẹ̀. New York ni ibùdó ìtàn. Jonny Lee Miller ni Holmes, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí heroin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́. Watson ni Joan, Lucy Liu ni ó sì ṣe é. Ní ọdún 2011, Miller àti Cumberbatch ti jọ ṣe eré Frankenstein lórí ìtàgé National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pààrọ̀ ipò láti alẹ́ dé alẹ́: ẹni tí ó ṣe oníṣẹ́ lónìí yóò ṣe ohun tí wọ́n dá lọ́la. Kò sí òǹkọ̀wé kan tí ì bá dá a láàmì tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kéde pé obìnrin ni Watson, àwọn kan kígbe pé wọ́n ti ba ìwé Doyle jẹ́, àwọn mìíràn sì ń retí ìgbà tí Holmes yóò fẹ́ ẹ. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ṣì. Joan jẹ́ oníṣẹ́-abẹ tẹ́lẹ̀, aláìsàn kan kú sí i lọ́wọ́, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bàbá Holmes ni ó sanwó fún un kí ó bá ọmọ rẹ̀ gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó máa ṣọ́ ọ kí ó má padà sídìí oògùn olóró. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe bá ti Watson àtijọ́ mu tó. Wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa wo Holmes. Joan ni a bá wọ inú ilé náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tí ó bá rú u lójú ni ó rú àwa náà lójú. Doyle fi kokéènì sọ́wọ́ Holmes nínú The Sign of the Four, Watson sì bá a wí nítorí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn. Elementary gba ìbáwí náà, ó sọ ọ́ di ìdí tí àwọn méjèèjì fi ń gbé pọ̀. Kò fi oògùn náà ṣe ẹ̀ṣọ́. Holmes ń lọ sí ìpàdé àwọn tí ó fẹ́ jáwọ́, ó jókòó sórí àga bí ẹlòmíràn, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí Doyle kò jẹ́ ṣe. Joan kọ́ṣẹ́. Ó kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó ṣì í, ó tún un ṣe, títí ó fi di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó dá dúró. Apá 7 àti abala 154, láti ọdún 2012 sí 2019, ni ó fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ abala náà kò ju ẹjọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, tí a ó ti gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá fi ẹwà àwòrán díwọ̀n rẹ̀ yóò sọ pé ti BBC ni ó borí, kò sì ní jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kì í hù ní ọjọ́ kan. Àkókò tí Elementary ní láti fi ṣòfò ni ó fi gbin ìfọkàntán, èyí tí Doyle náà gba ogójì ọdún kí ó tó gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán yìí ti dé ilé-ẹjọ́ rí, ní tòótọ́. Nígbà tí ẹ̀tọ́ tí àwọn àjogún Doyle ní lórí ìwé rẹ̀ ti parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òpin ọdún 2000, ó ṣì kù wọ́n kù lórí àwọn ìtàn ìkẹyìn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní níwọ̀n bí Holmes kò tíì pé tán kí ìtàn ìkẹyìn tó jáde, òun lódindi ṣì jẹ́ ti àwọn. Ní ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Chicago dá wọn lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí Leslie Klinger bá wọn ṣe. Ní ọdún 2020, nígbà tí Netflix fẹ́ gbé Enola Holmes jáde, fíìmù nípa àbúrò Holmes tí Nancy Springer kọ́kọ́ fi ṣe ìwé ìtàn, wọ́n tún pe ẹjọ́ mìíràn. Ẹ̀sùn náà ṣàjèjì. Wọ́n ní Holmes àtijọ́, tí gbogbo ayé ti ni báyìí, kò ní àánú. Lẹ́yìn tí Doyle pàdánù ọmọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó tó fi ọkàn rere sí Holmes lára, fíìmù náà sì ti lo ọkàn rere tí ó ṣì ní olówó. Kí ọdún náà tó parí, ẹjọ́ ti kúrò nílẹ̀ láìsí ìdájọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ìtàn tí ó kẹ́yìn pàápàá di ti gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà.

Agbẹjọ́rò ni ó lè ronú pé àánú ní ọjọ́ ìbí. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ẹ̀sùn náà tí òǹkàwé kò lè kọ̀. Nínú The Three Garridebs, ìtàn kan tí ó jáde ní ọdún 1924, ọta ìbọn ha Watson ní itan. Holmes sáré gbé e mọ́ra, ojú rẹ̀ yí padà, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, Watson sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ọkàn náà ṣe tóbi tó. Ìṣẹ́jú kan péré ni. A kò lè mọ̀ ọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí ó rí i, tí ó sì gbà pé ọgbẹ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Cumberbatch ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tí kò ní ìyọ́nú, ojú Freeman ni a fi ń mọ̀ pé irọ́ ni. Miss Sherlock, eré àwọn ará Japan ti ọdún 2018, sọ àwọn méjèèjì di obìnrin, ọgbọ́n kan náà ni ó sì lò: ojú Wato ni a ń wò kí a tó mọ bí Sherlock ṣe rí nínú.

Kí wá ni yóò ṣẹlẹ̀ bí Watson kò bá sí mọ́? Fíìmù Mr. Holmes ti ọdún 2015 béèrè rẹ̀. Bill Condon ni ó darí rẹ̀, láti inú ìwé ìtàn Mitch Cullin. Ọdún 1947 ni. Holmes ti di ẹni ọdún 93, ó ń sin oyin ní Sussex, Ian McKellen ni ó ṣe é. Watson ti kú, Mycroft ti kú. Ìrántí arúgbó náà ń ṣá. Ó fẹ́ kọ òtítọ́ ẹjọ́ tí ó ṣe kẹ́yìn sílẹ̀, nítorí pé Watson ti kọ ọ́ lọ́nà tí ó fi dùn mọ́ni, Holmes sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rántí bí ó ti rí. Ó lọ sí ilé sinimá lọ wo fíìmù tí wọ́n fi ẹjọ́ náà ṣe, ó rẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rántí. Obìnrin kan tí ìbànújẹ́ bò ti fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Holmes sọ òtítọ́ fún un, gbogbo òtítọ́, bí ó ṣe máa ń sọ ọ́. Obìnrin náà pa ara rẹ̀. Watson mọ̀, òun ni ó sì fi yí ìparí ìtàn náà padà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde.

Ọkùnrin ará Japan kan wà nínú fíìmù náà, Umezaki, tí bàbá rẹ̀ sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí kò padà wá mọ́, tí ó sì kọ lẹ́tà sílé pé Holmes ni ó gba òun níyànjú. Holmes ti sọ fún un lójúkojú pé òun kò mọ bàbá náà rí. Ní ìparí fíìmù, arúgbó náà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó mú kálàmù. Ó kọ̀wé sí Umezaki pé òun ti rántí: bàbá rẹ̀ jẹ́ akọni, ó ṣe iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni ó gbà á níyànjú pé kí ó dúró. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó jẹ́ òótọ́. Ó fọwọ́ sí i, ó dì í, ó fi ránṣẹ́.